Ìtàn Tokelau, Ilẹ̀ Tí Ọkọ̀ Òfurufú Kì í Bà Sí

Ẹni tó bá fẹ́ dé Tokelau gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Apia, olú-ìlú Samoa, kó sì dúró de ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọkọ̀ náà yóò forí lé àríwá, yóò rìn tọ̀sán-tòru fún nǹkan bí 500 kìlómítà, kí èrò inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí orí igi àgbọn lókèèrè. Igi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ilẹ̀, nítorí ibi tó ga jù lọ níbẹ̀ kò fi mítà 5 ga ju òkun lọ. Bí ọkọ̀ bá dé tán, kò lè sún mọ́ etídò. Àpáta iyùn ti yí ilẹ̀ náà ká, ojú agbami ni ọkọ̀ ńlá yóò dúró sí, ọkọ̀ kéékèèké ni yóò sì máa kó èrò àti ẹrù gba àárín àpáta wọlé.

Erékùṣù mẹ́ta ni Tokelau: Atafu, Nukunonu àti Fakaofo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ òrùka ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀sà ńlá wà láàrin rẹ̀. Láti Atafu dé Nukunonu jẹ́ nǹkan bí 90 kìlómítà, láti Nukunonu dé Fakaofo jẹ́ nǹkan bí 60, nítorí náà ará ìlú kan kò lè dúró sí etídò tirẹ̀ kó rí ìlú kejì. Bí a bá kó gbogbo ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 12 lọ. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ tó nǹkan bí 1,500. Ṣùgbọ́n omi òkun tí òfin àgbáyé kà sí tiwọn fún ẹja pípa tó nǹkan bí 319,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, èyí tó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ nìkan kò tíì rí Tokelau.

Ilẹ̀ yìí kò rọrùn fún àgbẹ̀. Yanrìn àti èérún iyùn ni. Odò kò sí níbẹ̀, ìsun omi kò sí, òjò tó ń ti orí òrùlé ṣàn sínú táǹkì ni wọ́n ń mu. Ohun tó ń so níbẹ̀ kò pọ̀: àgbọn, gbẹ̀rẹ̀fútù, igi pandanus tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ hun ẹní, àti irú kókò kan tí wọ́n ń pè ní pulaka, tí wọ́n ń gbìn sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ jìn títí tó fi kan omi dídùn nísàlẹ̀. Lára àgbọn ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ, epo, okùn àti ẹmu, nítorí wọ́n ń dá àgbọn bí a ti ń dá ọ̀pẹ. Kaleve ni wọ́n ń pe ẹmu náà. Lẹ́yìn èyí, ẹja ló kù.

Bí wọ́n ṣe ń pín ẹja yìí ni ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí jù lọ. Bí àwọn ọkùnrin ìlú bá jọ lọ sókun, ohun tí wọ́n pa kì í wọ ilé apẹja. Wọn yóò tò ó sílẹ̀ ní gbangba, àwọn tí ìlú yàn fún iṣẹ́ náà yóò pín in ní òkìtì-òkìtì, agboolé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tó wà níbẹ̀. Ọmọ tuntun jòjòló wà nínú iye náà. Arúgbó tí kò lè wọ ọkọ̀ mọ́ wà níbẹ̀, opó wà níbẹ̀, àlejò tó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì ní ìlú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọdé ni wọ́n máa ń rán wá gbé ìpín ilé wọn. Inati ni orúkọ ètò yìí. Kì í ṣe àánú, ẹnikẹ́ni kò sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ni. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá tẹ ìjàpá òkun, òun nìkan kọ́ ló ni ín, ìlú ló ni ín.

Ilẹ̀ náà, ti ẹbí ni. Ẹni tó bá ti ara ọkùnrin wá àti ẹni tó bá ti ara obìnrin wá ló jọ ní ẹ̀tọ́ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ìhà àwọn arákùnrin ló ń bójú tó oko àti òkun, tí wọ́n ń kó oúnjẹ wálé. Ìhà àwọn arábìnrin ló ń gbé inú ilé ẹbí, tí wọ́n ń pín ohun tó wọlé. Nítorí èyí, bí ọkùnrin bá gbéyàwó, òun ló máa ń kó lọ sí ilé ìyàwó rẹ̀. Yorùbá tó bá gbọ́ èyí lè yanu, àmọ́ ó bá ara mu: obìnrin tó ń pín oúnjẹ ẹbí kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìkòkò ẹbí. Lórí gbogbo èyí ni ìgbìmọ̀ àgbà ìlú kọ̀ọ̀kan wà, tí wọ́n ń pè ní Taupulega. Àwọn ló ń sọ ọjọ́ tí gbogbo ìlú yóò ṣiṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò lọ sókun.

Ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún tí ènìyàn ti ń gbé ní erékùṣù wọ̀nyí. Ìtàn tí àwọn àgbà wọn ń sọ dárúkọ Kava gẹ́gẹ́ bí baba ńlá Fakaofo, Pio fún Nukunonu, Tonuia àti Lagimaina aya rẹ̀ fún Atafu. Wọn kò fìgbà gbogbo wà ní àlàáfíà. Fakaofo ló bá àwọn méjì yòókù jà tó sì ṣẹ́gun wọn. Ó lé àwọn ará Atafu àtijọ́ kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ó sì sọ Nukunonu di abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Tonuia àti àwọn tirẹ̀ tó lọ tẹ Atafu dó lákọ̀tun. Fakaofo náà ni òrìṣà tó ga jù lọ wà, Tui Tokelau, tí wọ́n fi pẹpẹ òkúta iyùn gíga ṣe àmì rẹ̀. Nípa ogun àti òrìṣà yìí ni erékùṣù mẹ́ta tó jìnnà síra fi di ilẹ̀ kan kí òyìnbó tó mọ̀ pé wọ́n wà.

John Byron, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Dolphin, kọjá lẹ́bàá Atafu ní ọdún 1765, kò sì rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní 1791, ọkọ̀ Pandora dé ibẹ̀ àti Nukunonu nígbà tó ń wá àwọn awakọ̀ tó dìtẹ̀ nínú ọkọ̀ Bounty. Fakaofo kò hàn sí òyìnbó títí di 1835, nígbà tí ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán kan rí i. Nígbà tí ikọ̀ olùṣèwádìí ti Amẹ́ríkà tí Charles Wilkes ṣáájú dé ní 1841, wọ́n bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ díẹ̀ nínú èdè àti ìṣe wọn sílẹ̀.

Ẹ̀sìn ọmọlẹ́yìn Kristi tẹ̀ lé e, láti ọ̀nà méjì. Nukunonu gba ẹ̀sìn Kátólíìkì láti ọwọ́ àwọn tó ti erékùṣù Wallis wá. Atafu gba ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ ará Samoa tí London Missionary Society rán. Fakaofo gba méjèèjì. Títí di òní, bí ẹ bá mọ erékùṣù tí ẹnì kan ti wá, ẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìjọ tó ń lọ. Bíbélì èdè Samoa ni gbogbo wọn fi ń jọ́sìn fún ìgbà pípẹ́, débi pé Samoa di èdè ìwé àti èdè àdúrà, tí èdè tiwọn sì wà fún ilé.

Ìgbà yìí náà ni ibi tó tíì burú jù nínú ìtàn wọn dé. Orílẹ̀-èdè Peru ti dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1854, àwọn olóko ńlá ibẹ̀ sì ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Ní 1862 ni ìjọba wọn fún àwọn oníṣòwò láṣẹ láti lọ kó alágbàṣe wá láti erékùṣù Pàsífíìkì. Nínú ìwé, alágbàṣe ni wọ́n. Nínú ọkọ̀, ẹrú ni wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1863, àwọn ọkọ̀ náà dé Tokelau. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú àwọn kan, ipá ni wọ́n fi mú àwọn mìíràn. Ẹni tí wọ́n kó lọ tó nǹkan bí 250, èyí tó súnmọ́ ìdajì gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ ọkùnrin tí agbára wà lára wọn. Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ṣọ̀pọ̀nná pa wọ́n lójú omi àti lókè òkun. Lẹ́yìn tí ariwo ta káàkiri, Peru fòfin de òwò náà ní oṣù kẹrin ọdún 1863, ṣùgbọ́n ekukáká ni èèyàn Tokelau kankan fi padà délé.

Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ń gbé àwọn baba ńlá wa láti Èkó àti Ouidah lọ sí Kúbà àti Bùràsíìlì. Àwa pọ̀, àwọn tí wọ́n kò kó lọ nínú wa tó láti tún ìlú kọ́, láti tún ogun jà. Àmọ́ ìlú tí ènìyàn rẹ̀ kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, tí wọ́n kó gbogbo ẹni tó lè wa ọkọ̀ àti ẹni tó lè gun àgbọn lọ, kí ló kù níbẹ̀? Obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló kù. Èrò tèmi ni pé inati ló gbà wọ́n là. Ìlú tó ti mọ́ lára láti fún ẹni tí kò lè pa ẹja ní ìpín rẹ̀ kò ní jẹ́ kí opó àti ọmọ òrukàn kú nígbà tí gbogbo ilé di ilé opó. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àjèjì díẹ̀ wá fìdí kalẹ̀, ará Potogí, Jámánì, Scotland àti ará erékùṣù mìíràn, wọ́n fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, wọ́n sì bímọ. Púpọ̀ nínú ìdílé Tokelau òde òní ló ní ọ̀kan nínú àjèjì wọ̀nyí lára baba ńlá wọn.

Ìtàn ìjọba amúnisìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òun ń dáàbò bo erékùṣù náà ní 1889. Ní 1916 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ amúnisìn Gilbert àti Ellice, ní 1926 wọ́n fà á lé New Zealand lọ́wọ́, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1949, òfin ti sọ ọ́ di apá kan New Zealand, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Nínú gbogbo ìfàléni-lọ́wọ́ yìí, ìwé ló ń yí padà. Àgbà ìlú ló ń ṣàkóso ìlú, òyìnbó aláṣẹ kan kì í sì í gbé níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n pàdánù pátápátá ni Olohega, erékùṣù kẹrin tí àwọn ènìyàn wọn kà sí tiwọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Eli Jennings, lọ tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1856 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ará Samoa, ó sọ ọ́ di oko àgbọn ìdílé rẹ̀. Amẹ́ríkà so ó mọ́ Samoa tirẹ̀ ní 1925. Ní 1980, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan: Amẹ́ríkà kò ní sọ mọ́ pé òun ló ni erékùṣù mẹ́ta yòókù, Tokelau náà kò sì ní béèrè Olohega mọ́. Àwọn kan ṣì ń kà á mọ́ ilẹ̀ baba wọn.

Òkun tó ń bọ́ wọn náà ló ń gba ènìyàn lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1955, ọkọ̀ Joyita kúrò ní Apia, ó ń lọ sí Fakaofo pẹ̀lú ènìyàn 25, oúnjẹ àti oògùn. Ìrìn ọjọ́ méjì ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n rí ọkọ̀ náà tó ń fì lórí omi lápá àríwá Fiji, nǹkan bí 1,000 kìlómítà sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Kò rì, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sí nínú rẹ̀, a kò sì gbúròó ọ̀kan nínú àwọn 25 náà títí di òní. Ní 2010, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta láti Atafu wọ ọkọ̀ kékeré kan, omi sì gbé wọn lọ. Wọ́n ti ṣe ìsìn ìrántí òkú fún wọn nílé nígbà tí ọkọ̀ apẹja tuna kan rí wọn lẹ́bàá Fiji lẹ́yìn 50 ọjọ́. Omi òjò, ẹja tútù àti ẹyẹ òkun kan tí wọ́n mú ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró.

Ìjì líle kan jà ní 1966, ó ba ilé àti igi eléso jẹ́. Láti ìgbà náà ni ìjọba New Zealand ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti kó àwọn ìdílé lọ sí New Zealand, ètò náà sì parí ní 1976. Àwọn tó lọ pe àwọn tó kù. Ìkànìyàn 2018 ní New Zealand rí ju 8,000 ènìyàn tó pe ara wọn ní ọmọ Tokelau, èyí tó fi ju ìlọ́po márùn-ún àwọn tó wà nílé lọ, púpọ̀ nínú wọn ní Porirua àti Hutt Valley lẹ́bàá Wellington. Dókítà Ian Prior àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ìlera àwọn tó lọ àti àwọn tó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1968. Nílé nígbà náà, àgbọn ló ń fún wọn ní nǹkan bí ìdajì agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Àwọn tó kó lọ sanra sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ sókè, àtọ̀gbẹ sì pọ̀ láàrin wọn. Èdè náà ń dín kù lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó. Ìtùnú wà nínú orin: Opetaia Foa'i, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tokelau, kọ orin ní èdè náà fún fíìmù Moana tó jáde ní 2016, àwọn ọmọdé káàkiri ayé sì ti kọ ọ́ láì mọ èdè tí wọ́n ń kọ.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú ohun mìíràn dé. Gbogbo ilẹ̀ ló ní lẹ́tà méjì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Tokelau ni .tk. Lẹ́yìn ọdún 2000, oníṣòwò ará Netherlands kan, Joost Zuurbier, bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì ń fi orúkọ .tk fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ó di pé iye orúkọ .tk ju ti ilẹ̀ èyíkéyìí lágbàáyé lọ. Owó díẹ̀ wọlé fún ìlú, ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, wọ́n sì fi orúkọ ilẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa wọn lu jìbìtì káàkiri. Ilé-iṣẹ́ Meta pe ilé-iṣẹ́ Zuurbier lẹ́jọ́, nígbà tó sì di 2024 ó ti fi òwò náà sílẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ Tokelau, nípasẹ̀ jìbìtì yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni iná oòrùn. Títí di 2012, ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì ló ń tan iná gbogbo erékùṣù náà, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé epo wá láti òkèèrè. Ní ọdún yẹn, pẹ̀lú owó tí New Zealand gbé kalẹ̀, wọ́n to pátákó agbára oòrùn 4,032 sí erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo iná wọn ló ń ti ara oòrùn wá. Ìlú tí òkun gíga ń halẹ̀ mọ́ nítorí èéfín tí àwọn ẹlòmíràn ń tú sínú afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ òmìnira. Láti 1946 ni Tokelau ti wà lórí àkójọ àwọn ilẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà sí èyí tí kò tíì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. New Zealand ń fẹ́ kí ó kúrò lórí rẹ̀, Àjọ náà ń fẹ́. Àwọn ará Tokelau náà ti ń ṣètò: wọ́n ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, Fono, wọ́n sì ní olórí, Ulu-o-Tokelau, tí ipò rẹ̀ ń yí láàrin erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọ̀kan má baà jẹ gàba lórí èkejì bíi ti ayé Fakaofo. Ìbò tí wọ́n gbé síwájú ará ìlú ni pé kí Tokelau máa ṣe ìjọba ara rẹ̀, kó sì wà ní àjọṣe òmìnira pẹ̀lú New Zealand, bíi ti Niue àti Cook Islands. Fono fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, ènìyàn 349 nínú 584 sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò tó. Wọ́n tún dìbò ní oṣù kẹwàá 2007: 446 gbà, 246 kọ̀. Ìbò 16 péré ló kù kí ó tó.

Àwọn ará òkèèrè kan kà á sí ìbẹ̀rù, pé ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún kò fẹ́ jáde. Èmi kò gbà. Ẹ̀rù tó bá àwọn tó kọ̀ ní ìdí: New Zealand ló ń pèsè owó tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ìlú, kò sì sí èbúté tó dára. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní New Zealand, tó pọ̀ jù wọ́n lọ, kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò náà, ọ̀pọ̀ sì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, 446 sí 246 jẹ́ ìṣẹ́gun ńlá, wọn ì bá ti lu ìlù. Àwọn ará Tokelau kò fẹ́ kí àwọn tó pọ̀ fa àwọn tó kù lọ síbi tí ọkàn wọn kò sí, ní ìlú tí gbogbo ènìyàn yóò pàdé ara wọn lọ́la níbi tí wọ́n ti ń pín ẹja. Wọ́n gbé òdiwọ̀n náà kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé e nígbà tí kò bá ìfẹ́ àwọn olórí mu. Ìjọba ara ẹni ni ìyẹn, ní tèmi.

Ní 2009 wọ́n gba àsíá tiwọn, ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ òféèfé tó ń fi ìgbòkun rìn lábẹ́ ìràwọ̀ mẹ́rin. Tokelau ṣì wà lára ilẹ̀ 17 tó wà lórí àkójọ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ yóò kúrò níbẹ̀, àwọn ènìyàn 1,500 yẹn ló ni ín láti sọ, kì í ṣe ẹlòmíràn.